Òkúta Náà Gba Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún

Agogo méje ààbọ̀ àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ni Kékeré dé ilé ìwòsàn. Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí tábìlì, ó fi etí aṣọ nu ojú rẹ̀, ó sì tàn án. Àtẹ̀jíṣẹ́ igba ó lé méjìlá ló ti wọlé láti Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Kó tó ṣí ìdérí ìgò omi rẹ̀, ètò tó kọ sínú kọ̀ǹpútà náà ti pín gbogbo wọn sí méjì. Mẹ́jọ bọ́ sábẹ́ "Kó wá lónìí." Ìyókù bọ́ sábẹ́ "Ó lè dúró," ẹ̀rọ sì ti dá wọn lóhùn fúnra rẹ̀: A ti rí iṣẹ́ yín. Ẹ ó gbọ́ láti ọ̀dọ̀ wa láàárín ọjọ́ márùn-ún.

Kékeré mu omi. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí ètò náà ti ń ṣiṣẹ́, kò sì tíì sí ẹni tó ráhùn.

Orúkọ ilé ni Kékeré. Òun ni àbíkẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni nọ́ọ̀sì àgbà ilé ìwòsàn náà, òun ló sì gbé orúkọ yìí dé ibi iṣẹ́. Kékeré ò lọ sí yunifásítì. Orí fóònù ló ti kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ̀kọ́ kan lẹ́yìn òmíràn, fún oṣù mẹ́jọ, kó tó rí àlòkù kọ̀ǹpútà kan tí bọ́tìnnì méjì ti yọ lójú rẹ̀. Ẹ̀ka tó gbà á lọ́kàn jù ni kíkọ́ ẹ̀rọ láti bá ọ̀rọ̀ ènìyàn lò: kí ẹ̀rọ ka ohun tí èèyàn kọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé, kó sì mọ ohun tó yẹ kó fi ṣe.

Kí ètò yìí tó dé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ àwọn aláìsàn. Á jókòó sídìí fèrèsé pẹ̀lú fóònù ilé ìwòsàn, á fi àtàǹpàkò fa ọ̀kọ̀ọ̀kan títí dé ìsàlẹ̀, á dúró díẹ̀, á sì tẹ àmì sí i: pupa fún ẹni tó gbọ́dọ̀ wá lónìí, àwọ̀ ewé fún ẹni tó lè dúró. Ọdún mẹ́fà ló fi ṣe é. Kékeré ti rí àtàǹpàkò yẹn lójoojúmọ́. Ó rò pé àárẹ̀ ló ń mú un sáré bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá ilé ìwòsàn ló ní kí ẹ̀rọ gba iṣẹ́ náà. Ọ̀gá Nínú-Ọgọ́rùn-ún ni àwọn nọ́ọ̀sì ń pè é lẹ́yìn, nítorí kò lè sọ pé òjò rọ̀ láì sọ iye rẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Ó kó ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àtẹ̀jíṣẹ́ àtijọ́ fún Kékeré, gbogbo wọn pẹ̀lú àmì tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti tẹ̀ sí wọn. Kékeré ya irinwó sọ́tọ̀ fún ìdánwò, ó fi ìyókù kọ́ ẹ̀rọ. Títí débẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ dáa. Ẹni tó bá fi ohun tó fi kọ́ ẹ̀rọ dán an wò, ara rẹ̀ ló ń tàn. Nígbà tó dán irinwó náà wò, ẹ̀rọ gba mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún.

"Ọjọ́ iwájú ti wọlé dé," Ọ̀gá ń wí kiri láti yàrá dé yàrá. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́, àfi ẹ̀gbọ́n.

"Ṣé o kà wọ́n?" ló bi Kékeré.

"Kí ni?"

"Àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn."

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ni wọ́n o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀rọ kà wọ́n."

"Èmi kà wọ́n."

"Ẹ̀yin ò níṣẹ́ ni."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n lọ sí yàrá abẹ́rẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fi òkúta ńlá kan há ilẹ̀kùn kó má baà máa pa dé mọ́ àwọn aláìsàn.

Ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá Ọjọ́ Ajé tí à ń sọ yìí, Kékeré pe ìyá wọn. Aránṣọ ni ìyá náà. Ó ń dá gbé ní òpópónà kẹta sí ilé ìwòsàn, ó sì ti ní àtọ̀gbẹ fún ọdún mọ́kànlá.

"Màámi, ẹ kú àárọ̀. Ara ń kọ́?"

"Ara le. Mo mà ti kọ̀wé sí ẹ̀rọ rẹ láàárọ̀ yìí."

"Ẹ̀rọ tèmi?"

"Ṣé o tún ní òmíràn ni? Ó ti dá mi lóhùn. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí n gbé fóònù sílẹ̀. Mo fi han oníbàárà tó wà lọ́dọ̀ mi, mo ní ọmọ mi ló kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ ilé, ẹ ò rí i pé ó ní ìwà."

Kékeré rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò bi ìyá rẹ̀ léèrè ohun tó kọ.

Ìyá náà ì bá ti pe ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti wí fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ òun ṣí ilẹ̀kùn tuntun sí ilé ìwòsàn. Ṣé òun náà ni yóò wá gba fèrèsé wọlé?

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ẹ̀gbọ́n yà sí ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ láti gba yúnífọ́ọ̀mù tó gbé fún un pé kó tún rán. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró.

"Màámi, kí ló ń rùn?"

"Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ni."

"Òróró kọ́. Ẹ gbé ẹsẹ̀ yín wá."

"Wọ́n ní kí n dúró. Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n dá fún mi, ọ̀la ló pé."

"Ta ló ní kí ẹ dúró?"

"Ẹ̀rọ Kékeré."

Ẹ̀gbọ́n kúnlẹ̀, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ ọ̀tún. Ìka méjì ti dúdú. Ó pe ọkọ̀.

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, wọ́n gé ìka ẹsẹ̀ méjì kúrò. Dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó jókòó ti àwọn ọmọ méjèèjì lórí bẹ́ǹṣì. "Àtọ̀gbẹ máa ń pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀. Egbò tí kò dun ẹni tó ní in ló burú jù, torí kò ní í pariwo. Kí alátọ̀gbẹ máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Tó bá rí egbò, tó rí i tó ń dúdú, kó má sùn lé e. Ká ní ẹ gbé màmá wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, bóyá oògùn àti ìfọ̀mọ́ là bá fi yanjú ẹ̀. Kí ló dá yín dúró?"

Kékeré ló dáhùn. "Èmi ni, sà."

Ó padà sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó wá àtẹ̀jíṣẹ́ ìyá rẹ̀ jáde nínú àwọn tó lè dúró. Báyìí ni ìyá náà ṣe kọ ọ́:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùtọ́jú wa. Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ìnira. A ò ní rí ibi o. Inú mi dùn sí yín púpọ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ọ̀tún ni mo ní kí n fi tó yín létí. Egbò kékeré kan wà lábẹ́ ìka rẹ̀. Kò dùn mí, ṣùgbọ́n ó ti ń dúdú, ó sì ń rùn."

Kékeré ṣí ètò tó kọ. Nínú ẹ̀kọ́ orí fóònù tó ti da iṣẹ́ náà kọ, ìlà kan wà níbẹ̀ tó ní kí ẹ̀rọ ka ọ̀rọ̀ márùndínlọ́gbọ̀n àkọ́kọ́, kó já ìyókù sọnù kí iṣẹ́ lè yá. Àpẹẹrẹ tí olùkọ́ lò nínú ẹ̀kọ́ náà ni ohun tí àwọn èèyàn kọ nípa bàtà tí wọ́n rà: bàtà yìí dáa, bàtà yìí há mi lẹ́sẹ̀. Kò sí èyí tó gùn nínú wọn. Fún bàtà, márùndínlọ́gbọ̀n pọ̀ jù. Kékeré da ìlà náà kọ bó ṣe rí, kò sì ronú kan án mọ́.

Ó fi ìka ka ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ lójú ẹ̀rọ. Ìkarùndínlọ́gbọ̀n bọ́ sórí "púpọ̀." Ẹ̀rọ gbọ́ pé inú màmá dùn, ó pa etí dé, ó ní kó dúró.

Ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú yàrá abẹ́rẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, tí ẹ bá ń ka àtẹ̀jíṣẹ́, níbo lẹ ti ń bẹ̀rẹ̀?"

"Ìsàlẹ̀."

"Ìsàlẹ̀?"

"Níbo tún ni? Òkè, ìkíni ló wà níbẹ̀. Èèyàn wa ò lè bọ́ sí ilé onílé kó kàn pariwo egbò. Á kí ẹ, á kí ọmọ ẹ, á ṣàdúrà fún ẹ, ìgbà tó bá ń dìde lọ ló máa rántí pé ẹ̀jẹ̀ ń dà lára òun."

"Ẹ ò sọ fún mi."

"O ò bi mí. Ọgbọ̀n ọjọ́ lo fi jókòó sí yàrá kejì sí mi, o ń bi fóònù léèrè."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Kékeré lára. Ó tún padà lọ wo ìdánwò tó fi ń ṣe fáàrí. Nínú irinwó àtẹ̀jíṣẹ́ ìdánwò, àwọn tó ń béèrè ọjọ́ ìpàdé, àwọn tó ń béèrè oògùn tó tán, àwọn tó kàn ń dúpẹ́, ló kún ibẹ̀. Mẹ́rìndínlógún péré ló jẹ́ ti ẹni tó gbọ́dọ̀ wá lọ́jọ́ náà. Nínú mẹ́rìndínlógún náà, márùn-ún ni ẹ̀rọ mú. Ó gbójú fo mọ́kànlá. Ó sì tún pe ẹni márùn-ún tí ara wọn le pé kí wọ́n sáré wá. Ó ti máa ń ka iye tó gbà lápapọ̀. Kò ka àwọn mẹ́rìndínlógún sọ́tọ̀ rí, àwọn tí wọ́n torí wọn kọ ètò náà.

Àwọn méjèèjì kò tètè lọ sílé lọ́jọ́ náà. Wọ́n pa ẹ̀rọ tì, wọ́n jókòó sídìí fèrèsé, wọ́n fi ojú ka gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ̀rọ ní kó dúró, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Wọ́n rí ẹni mẹ́sàn-án. Kékeré fúnra rẹ̀ ló pè wọ́n. Aboyún kan wà lára wọn tí orí ń fọ́ tí ojú rẹ̀ sì ń wú. Ní wákàtí kan ó ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹni mẹ́jọ ló gbà láti wá. Ẹni kẹsàn-án jẹ́ bàbá ọmọ kan tó ti gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn, ibẹ̀ ni wọ́n ṣì wà.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, àwa la ṣì í," Kékeré wí.

"Ẹ ní ká dúró," ni bàbá náà wí. "Ẹ̀yin náà, ẹ dúró síbẹ̀." Ó pa fóònù.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ìyá wọn jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ìrọ̀rí. Kékeré tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣàlàyé ohun gbogbo, ìlà bàtà àti márùndínlọ́gbọ̀n. Ìyá náà tẹ́tí títí ó fi parí.

"Ìyẹn ni pé o gé aṣọ mi sí ìwọ̀n ẹlòmíràn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Ọmọ aránṣọ." Ó mi orí. "O lè yá bátánì ẹni ẹlẹ́ni, kò léèwọ̀. Ṣùgbọ́n kí o tó ki sísọ́ọ̀sì bọ aṣọ, o máa nà téèpù sára ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́. Ta lo wọ̀n?"

Kékeré gbé orí lé etí bẹ́ẹ̀dì.

"Má sunkún lórí bẹ́ẹ̀dì mi. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni mo fi ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, màá kọ́ ti òsì. Ìwọ lọ tú èyí tí o rán."

Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Nínú-Ọgọ́rùn-ún kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú nǹkan kan. Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀lé e, àwọn ọ̀gá ilé ìwòsàn mọ́kànlá ń bọ̀ wá wo ètò náà, kí wọ́n lè gbé e lọ sọ́dọ̀ tiwọn. Kékeré bá a nínú ọ́fíìsì rẹ̀, ó sọ ohun tó rí fún un.

"Ó dùn mí nípa màmá," ni Ọ̀gá wí. "Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo nìyẹn. Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ni mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Lọ́jọ́rú, iye yẹn nìkan ni kó o sọ, kó o jókòó."

"Mi ò ní í sọ ọ́, sà."

"Ìwọ? Ìwé-ẹ̀rí wo lo ní tí o fi ń bá mi jiyàn?"

"Mi ò ní ọ̀kankan. Ẹsẹ̀ ìyá mi ni mo rí."

"Tí o bá ba orúkọ ilé ìwòsàn yìí jẹ́, o ò ní í wọ ibí mọ́."

"Mo ti gbọ́, sà," Kékeré wí, ó sì jáde.

Nígbà tí Ọjọ́rú pé, àwọn àlejò jókòó yí tábìlì gígùn ká. Ọ̀gá sọ̀rọ̀ fún ìdajì wákàtí, ó dùn létí, kò sì sí ẹsẹ̀ kankan nínú rẹ̀. Nígbà tó kàn Kékeré, kò tan kọ̀ǹpútà. Ó tẹ̀ sábẹ́ àga rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé òkúta yàrá abẹ́rẹ́, ó sì gbé e lé orí tábìlì. Ife tíì mì.

"Ẹ̀rọ tuntun nìyí," ó wí. "Ọ̀rọ̀ kan péré ló mọ̀: ó lè dúró. Ẹnikẹ́ni tó bá kọ̀wé, ohun tó máa sọ fún un nìyẹn. Irinwó àtẹ̀jíṣẹ́ la fi dán ẹ̀rọ wò níbí, mẹ́rìndínlógún nínú wọn ló jẹ́ ti ẹni tó gbọ́dọ̀ wá kíá. Òkúta yìí á ṣi mẹ́rìndínlógún yẹn, á gba ìyókù. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀."

Dókítà obìnrin kan tẹ fóònù rẹ̀. "Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún."

"Ètò tí mo kọ ńkọ́? Èló ni Ọ̀gá wa ní ó gbà?"

Ẹnì kan nínú wọn rẹ́rìn-ín, ó sì tètè gbé ọwọ́ bo ẹnu.

Kékeré ka àtẹ̀jíṣẹ́ ìyá rẹ̀ fún wọn. Ó dúró níbi "púpọ̀," ó ní ibẹ̀ ni ẹ̀rọ dúró sí. Lẹ́yìn náà ló ka ìyókù. "Ìka méjì ni wọ́n gé," ó wí. "Ẹ má gbé e lọ. Èmi ni mo kọ ọ́, èmi ni mo sì sọ pé kò dáa. Tí ẹ bá ń wá ohun tó gba mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún, ẹ gbé òkúta, kì í jẹ iná."

"Gbé òkúta rẹ jáde," Ọ̀gá wí.

"Yàrá abẹ́rẹ́ ló ni ín, sà." Ó gbé e, ó dá a padà sídìí ilẹ̀kùn, ó sì lọ kó ẹrù rẹ̀.

Ilé ìwòsàn méje nínú mọ́kànlá ní àwọn ò ṣe mọ́. Mẹ́rin ní àwọn ó ṣì gbé e bẹ́ẹ̀. Kékeré ń kọ̀wé sí wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, méjì ti dáhùn. Bàbá tó pa fóònù àti àwọn ẹni mẹ́jọ yòókù fi ẹjọ́ sùn, ilé ìwòsàn sì dá ẹ̀gbọ́n padà sídìí fèrèsé rẹ̀. Wọn kò pe Kékeré padà. Ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà létí tábìlì ìgéṣọ, ìyá rẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ òsì tẹ ẹ̀rọ, ó sì ń bú ẹsẹ̀ náà bí ẹni ń bú ọmọ iṣẹ́ tó yọ̀lẹ.

Ó ti tún ètò náà kọ. Kó tó fọwọ́ kan bọ́tìnnì kankan, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ka ẹgbẹ̀rún kan àtẹ̀jíṣẹ́ pẹ̀lú ojú ara wọn, ìyá wọn sì ní kí àwọn oníbàárà òun kọ bí wọ́n ṣe máa kọ ọ́ gan-an tí ara wọn ò bá yá. Ẹ̀rọ ń kà dé òpin. Nínú àtẹ̀jíṣẹ́ mẹ́rìndínlógún ti ẹni tó gbọ́dọ̀ wá kíá, tí ẹ̀rọ kò rí rí, ó mú mẹ́rìnlá. Nígbà tí ẹnì kan ní kó sọ ọ́ nínú ọgọ́rùn-ún, Kékeré ní, "Ẹni méjì ló ṣì ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́." Nítorí àwọn méjì yẹn, ètò tuntun kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ó kàn ń sọ ẹni tó yẹ kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ kà ni. Èèyàn ló ń ka gbogbo rẹ̀ tán.

Ìwọ tí o ń kọ́ iṣẹ́ yìí lónìí, bóyá lórí fóònù, láìsí olùkọ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lé ọ sẹ́yìn nítorí ìwé-ẹ̀rí. Bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ka ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn náà kí ẹ̀rọ rẹ tó kà á. Wá ẹni tó ti ń fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ náà, kí o sì bi í bó ṣe ń ṣe é. Ìlà tí o bá dà kọ, mọ ẹni tí wọ́n gé e fún. Ìwọ ọ̀gá tí wọ́n gbé ẹ̀rọ wá fún, má lé ẹni tó ń kàwé kúrò nídìí fèrèsé. Ìwọ tí ara rẹ ò dá, tí ẹ̀rọ bá ní kó o dúró, tí ara rẹ sì ní o ò lè dúró, dìde, kó o lọ.

Tí ẹnikẹ́ni bá sì wá sọ fún ọ pé ẹ̀rọ òun gba mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún, má pàtẹ́wọ́. Bi í léèrè àwọn mẹ́rin tó kù. Sọ pé kó mú ọ dé ọ̀dọ̀ wọn, kó o lọ wo ẹsẹ̀ wọn.